Rábò Bàbá Káfílà

Tí wọ́n bá bi mí l'Ékòó pé ọmọ ibo ni mí, Kétu ni mo máa ń sọ. Wọ́n á ní, "Kétu tó wà lẹ́bàá Ọjọ́ta?" Màá ní rárá o, Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn ibodè, níbi tí Alákétu wà. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti máa ń yí padà. "Háà! Ẹ̀yin Àgànyìn." Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà ní Ṣógúnlé àti agbègbè ẹ̀, ẹnì kan péré ni mo tíì rí tí mo dárúkọ ìlú mi fún tí kò bi mí pé Kétu wo. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo dé. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ó sì ku ìyá mi àti àwọn àbúrò mi mẹ́rin sílé. Ìyá kan ládùúgbò wa ló mú mi wá sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ tó ń gbé ní Mafólúkù, pé kí n máa bá a tọ́jú ilé. Wọ́n ní kí n má fòyà, pé Èkó ò jìnnà, pé èdè kan náà là ń sọ. Ìyẹn gan-an ló tàn mí jẹ. Ká ní èdè mìíràn ni mo lọ bá níbẹ̀ ni, ọkàn mi ì bá ti múra sílẹ̀ dè é. Yorùbá ni mo lọ bá, Yorùbá náà ló sì dójú tì mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀, mo kí ìyàwó ilé bí a ṣe ń kí ìyàwó ilé lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Èyí àgbà ní, "Mọ́mì, ẹ gbọ́ ọ! Ó ń kọrin!" Láti ọjọ́ yẹn, tí àlejò bá ti dé, wọ́n á pè mí sí pálọ̀. "Sọ pé o fẹ́ lọ pọnmi. Sọ ọ́." Màá sọ ọ́, àlejò á di ikùn mú, á máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó na mí nínú ilé yẹn, wọn ò sì febi pa mí, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kó tó di oṣù mẹ́ta, mo ti dákẹ́. "Yẹ́ẹ̀sì mà" àti "nó mà" nìkan ló kù lẹ́nu mi. Bààlúù á kọjá lórí ilé, á fò wálẹ̀ débi pé abọ́ á máa mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, màá sì máa ronú pé ẹni tó wà nínú ẹ̀ ń lọ síbi tí wọn ò ti ní gbọ́ èdè ẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní yà á lẹ́nu. Mo máa ń jowú ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àga tí ọmọ wọn kékeré fi ń jẹun yẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ilé ní kí n gbé e lọ fún àwọn káfíńtà kan ní Ṣógúnlé. Mi ò tíì dé ibẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ ọ: *fààá, fààá,* ohùn irin tó ń fá pákó, tó gùn, tó sì rọ̀. Ohùn tó jí mi láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ ayé mi kí bàbá mi tó kú nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò ju páànù tí wọ́n fi òpó mẹ́rin gbé ró lọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń kan àpótí aṣọ lápá kan. Lápá kejì, bàbá àgbàlagbà kan tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìfági onígi kan fá pákó, èérún igi ń ká jáde lókè ẹ̀ bí irun ọmọ tuntun. Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó tí mo ti ń wò ó.

"Kí lò ń wò?" bàbá náà bi mí.

"Rábò yẹn ni, Bàbá."

Orúkọ Faransé tí bàbá mi máa ń pè é ti já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí pé wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Pléènì ni wọ́n ń pè é níbí. Mo rí i pé bàbá náà dáwọ́ dúró, mo yáa kúnlẹ̀. Mo ní ẹni tó tún fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín nìyí.

"Kí lo pè é?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Ta ló ń bínú? Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Rábò."

Ó gbé e kalẹ̀ lórí pákó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. "Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn gbẹ̀yìn," ó wí. Ó wá fi èdè Faransé bi mí pé ibo ni mo ti wá. Èmi tí mi ò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta pọ̀ láti oṣù mẹ́ta, Faransé tí mo kọ́ nílé ìwé ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní Kétu.

"Kétu Alákétu!" ó ké. Kò bi mí pé Kétu wo. Ó ní, "Ẹjìgbò lèmi. Kì í ṣe èyí tó wà lẹ́yìn Ìsọlọ̀ yìí o. Ẹjìgbò ti Ọ̀ṣun." Ó rẹ́rìn-ín. "O rí i, àwa méjèèjì, wọ́n ti sọ orúkọ ìlú wa di bọ́sítọ́ọ̀bù."

Bí mo ṣe mọ Bàbá Káfílà nìyẹn.

*

Ó dọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè sọ fún ìyàwó ilé pé mo fẹ́ máa lọ. Ó ní, "Níbo?" Mo ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé orí ẹ pé?" Ṣùgbọ́n kò dá mi dúró. Mo gba ibùsùn nínú yàrá obìnrin aránṣọ kan ní Ṣógúnlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Bàbá fi sáńpépà ha pákó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́ ẹ̀, Sàká, kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, obìnrin?" Bàbá ò gbójú sókè. Ó ní, "Pákó ò mọ obìnrin."

Tí ọwọ́ bá dilẹ̀ lọ́sàn-án, ó máa ń sọ bó ṣe jẹ́ fún mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n mú un lọ sí Àbíjáǹ, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ẹjìgbò nìyẹn. Ilé tí kò bá ní ẹnì kan ní Kọ́dífúà, ilẹ̀ tí Àbíjáǹ wà, bíi pé kò pé ni. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan, ọmọ ibẹ̀, tó fún un ní rábò yìí lọ́jọ́ tó gba òmìnira. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀. Nígbà tó tó ẹni ogójì, ìyá ẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé òun ti ń darúgbó, kó wá fẹ́yàwó nílé. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, ó mú rábò dání kí ọwọ́ ẹ̀ má bàa yọ̀, ó ní oṣù méjì lòun fẹ́ lò.

"Oṣù méjì," ó wí. Ó gbé ìka méjì sókè hàn mí.

Ìyá ẹ̀ ṣàìsàn. Ìyàwó lóyún. Ọ̀gá ẹ̀ kú. Ìgbà tó fi máa gbójú sókè, ọ̀nà ti dí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ẹjìgbò alára ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ará Àbíjáǹ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti mọ ara wọn láìsí i. Ó wá kó ìyàwó wá sí Èkó, níbi tí kò sẹ́ni tó ń retí kó mọ ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Wọ́n ní àjò ò lè dùn kónílé má relé. Ẹni tó pa òwe yẹn ò sọ ohun téèyàn máa ṣe tí onílé bá délé tí ilé ní, 'Ta nìyẹn?'"

Fún ọdún kan gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan rábò yẹn. Nígbà tó wá fi lé mi lọ́wọ́, ẹ̀rù bà mí. Igi ara ẹ̀ ti dúdú fún òróró àtẹ́lẹwọ́. Àmì àtàǹpàkò kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ti jẹ wọnú bí ojú odò. Bàbá ní ọ̀gá òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òun sì gbẹ́ ẹ kún un. Irin ẹ̀, nítorí pípọ́n, ti kúrú bí eyín àgbà.

"Má tì í," ó wí. "Bá a lọ. *Dúsúmáà.*" Ìyẹn ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó ní, Faransé ló fi máa ń sọ ọ́. "Gbọ́ ohùn ẹ̀. Tó bá ń kọrin, ò ń bá ojú igi lọ. Tó bá ń wúkọ́, o ti ń bá a jà. Má bá igi jà, yí pákó padà."

Mo fá pákó kan bàjẹ́. Mo fá ìkejì bàjẹ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ. Nínú oṣù yẹn kan náà ni mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Bóyá ó ti sú wọn, bóyá ohùn mi ló ti yí padà. Mi ò mọ èwo.

Ọdún karùn-ún tàbí ìkẹfà ni, Alhaja kan ní Ìsọlọ̀ ní ká bá òun ṣe tábìlì ọ̀gànwó. Bàbá ní èmi ni kí n fá ojú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí a gbé e dé, Alhaja fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú tábìlì náà láti igun kan dé ìkejì, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín ò tíì yẹ̀."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọwọ́ ọmọbìnrin yìí ni."

Alhaja yíjú sí mi, ó wò mí tìyanutìyanu. "Ẹ̀yin Àgànyìn mọṣẹ́ o!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí a fi padà dé Ṣógúnlé. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sẹ́ ẹ. Tí mo bá ń ka ọjọ́ ayọ̀ mi ní Èkó, òun ni mo máa ń fi ṣíwájú, kì í sì í pẹ́ kí n tó kà á tán.

*

Ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń pe ìyá mi. Màá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí fóònù ti ń gbọ́ràn dáadáa. Á ní, "Ṣé wọ́n ń ṣe ẹ́ dáadáa?" Màá ní dáadáa ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn nìkan ni irọ́ mi. Irọ́ sì dà bí pákó tútù, kì í dúró bí o ṣe gbé e kalẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti ń gbé yàrá tèmi nìkan. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ní mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ fún àwọn ará ilé, ó sọ fún àwọn ìyá ìjọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ó dáa, jẹ́ kí àbúrò ẹ wá bá ẹ ṣiṣẹ́." Mo ní iṣẹ́ ò lọ lásìkò yẹn, kó ṣe sùúrù.

"Ìgbà wo lo wá ń bọ̀ wálé?"

"Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, Ìyá."

Kétu ò jìnnà. Ẹni tó bá jí kùtùkùtù l'Óṣòdì lè jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Ẹni tó wà nílùú òyìnbó lè ní òkun ló dá òun dúró. Èmi, ohun tó dá mi dúró ni pé mi ò lè wọ Kétu kí n má rí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ sójú ìyá mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ ní i ná. Kò sẹ́ni tó pilẹ̀ fẹ́ pẹ́ lájò. Ọ̀la lèèyàn máa ń fi kún un, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá mi ṣì wà láyé. Kò bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀ mọ́. Mi ò rántí Sátidé tó bi mí gbẹ̀yìn.

*

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ṣe tán láti òkè òkun ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n fi lẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí kò lójú, tí èèyàn ò lè fá. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ dúró de igi mọ́. Sàká lọ máa bá àwọn tó ń ṣe kíṣìnì bọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e. Ó ku Bàbá, ó ku èmi, a sì lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má yà.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pákó àpá kan wà lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá ń fá a, mo kọ̀yìn sí i. Mo gbọ́ tí rábò wúkọ́. Bàbá kì í jẹ́ kó wúkọ́. Mo yíjú padà, mo rí i tó ń wo ọwọ́ ọ̀tún ara ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ ẹlòmíràn lé. Ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbá a mú kó tó kanlẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n wá gbé e lọ sílé Káfílà, àkọ́bí ẹ̀, ní Ìsọlọ̀. Ìyá wọn ti kú tipẹ́. Káfílà ń ta aṣọ lọ́jà Aswani. Mo fi ọdún mélòó kan jù ú lọ, àǹtí ló ń pè mí. Òun ló pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá o. Bàbá ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Àwọn àbúrò mi ní wọ́n ń ṣépè ni."

Mo débẹ̀. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé e jókòó. Ó rí mi, ojú ẹ̀ là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kíákíá, láìdúró. Kì í ṣe èpè. Faransé ni, Faransé àwọn ará Àbíjáǹ. Àìsàn náà ti gbá Yorùbá dànù lórí ẹ̀, ó fi èyí tó kọ́ ní Àbíjáǹ sílẹ̀.

Ó pè mí ní ọmọ ọ̀gá. Ó ní kí n bá òun sọ fún ọ̀gá pé oṣù méjì ti pé, òun ti ṣe tán láti máa bọ̀ nílé. Ó wá fi ojú tọ́ka sí Káfílà tó dúró pẹ̀lú abọ́ ògì lọ́wọ́. Ó ní, "Obìnrin yìí ṣèèyàn púpọ̀. Ìyàwó ta ni? Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó o sọ fún un pé mi ò ní pẹ́ lọ."

"Kí ni wọ́n ní?" Káfílà bi mí. Ojú ẹ̀ wà lẹ́nu mi bí ẹni tébi ń pa.

Mo ní, "Bàbá ní ẹ ṣeun."

Irọ́ kọ́ nìyẹn, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń lọ, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì. Bàbá á bi mí pé ta ló ń gba yàrá òun, ṣé òjò ò máa wọlé. Màá yíjú sí Káfílà, màá ní wọ́n ń ṣàdúrà fún ọjà ẹ̀. Bàbá á ní kí n wá ẹni tó máa mú òun dé ibùdókọ̀. Màá ní wọ́n ní ọbẹ̀ àná dùn. Káfílà á rẹ́rìn-ín, á nu ojú, á yára lọ sọ́jà. Iṣẹ́ tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lórí fóònù sí ìyá mi náà ni mò ń ṣe. Mo ti mọ̀ ọ́n ju fífá pákó lọ.

Lọ́jọ́ kan mo mú rábò dání lọ. Mo ní bóyá ó máa ràn án lọ́wọ́. Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ òsì ẹ̀, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, rìn lọ sẹ́yìn ẹ̀, ó wá ojú àtàǹpàkò yẹn rí. Ó ní, "Rábò." Gbogbo wa gbọ́ ọ, ó já gaara.

Káfílà jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Wọ́n dá igi mọ̀. Àǹtí, ṣé wọ́n dá èmi náà mọ̀?"

"Wọ́n dá ẹ mọ̀."

"Ẹ má tàn mí o."

"Wọ́n máa ń pe orúkọ ẹ," mo wí. "Tó o bá ti lọ sọ́jà, wọ́n á máa pe orúkọ ẹ."

Ó gbá ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ mú, ó sunkún. Bàbá wò ó, ó bi mí ní Faransé pé kí ló ń dun obìnrin náà.

*

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí ìpàdé ìdílé tó wáyé. Àwọn àbúrò Káfílà méjèèjì wá, arákùnrin Bàbá kan sì wá láti Ẹjìgbò, alàgbà tó wọ agbádá funfun. Wọ́n ní Èkó ò dáa fún aláìsàn, wọ́n ní kó lọ sinmi ní ilé bàbá ẹ̀. Káfílà ò fẹ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n. Àǹtí gbọ́ èdè wọn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu wọn." Ó gbà mí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo bi Bàbá níwájú gbogbo wọn. Mo ní ṣé ó fẹ́ lọ sí Ẹjìgbò.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ẹjìgbò? Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Ọmọ ọ̀gá, mú mi lọ sílé." Omi ń jáde lójú ẹ̀.

Mo mọ nǹkan tí mo lè sọ. Ó wà lẹ́nu mi bí ó ti máa ń wà: wọ́n ní wọ́n fẹ́ dúró lọ́dọ̀ Káfílà. Gbogbo ilé ì bá gbà á. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi sọ ọ́. Bóyá ó ti rẹ̀ mí. Bóyá omi ojú ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: pé òun ò fẹ́ lọ sí Ẹjìgbò, pé kò sẹ́ni tó mọ òun níbẹ̀, pé ilé òun ní Àbíjáǹ lòun fẹ́ lọ.

Alàgbà náà dìde. Ó ní, "Ta ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu? Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bíbí inú bàbá mi, ló ní a ò mọ òun? Ìwọ Àgànyìn yìí, ọ̀rọ̀ ara ẹ lò ń sọ."

Mo wo Káfílà. Ó ń wo ilẹ̀.

Gbogbo irọ́ tí mo pa nínú ilé yẹn, wọ́n gbà á. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ ni wọ́n dá padà fún mi.

Wọ́n gbé Bàbá lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò lọ sí Ìsọlọ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó pè mí. Mo mọ̀ pé níbẹ̀, láàárín àwọn èèyàn ẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ẹ̀. Oṣù márùn-ún ló lò. Ẹnu Sàká, tí èmi náà ti ń bá ṣiṣẹ́ bọ́ọ̀dù nígbà yẹn, ni mo ti gbọ́ pé ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Mo ti ọ̀bẹ bọ́ọ̀dù tí mo mú lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún gbé e. Ilé onílé ni mo wà, wọ́n ń retí kọ́bọ́ọ̀dù wọn.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ogójì ọjọ́ Bàbá, Káfílà wá sí yàrá mi. Ó gbé báàgì ọ̀rá kan dání. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí àga kan ṣoṣo tí mo ní, aṣọ wà lórí ẹ̀. Ó ní àwọn àbúrò òun ti ta gbogbo irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, páànù àti òpó pàápàá.

"Èyí nìkan ni ẹni tó rà wọ́n dá padà," ó wí. "Ó ní kò sẹ́ni tó ń lo irú ẹ̀ mọ́." Ó fa rábò yọ nínú ọ̀rá, ó gbé e fún mi.

Mo dúpẹ́. Mo gbé e sórí fèrèsé. Mi ò tíì lò ó láti ìgbà náà, torí kò sí igi. Bọ́ọ̀dù ni gbogbo wa ń gé.

Mo bi í pé báwo ni àwọn ọmọ, ó ní àlàáfíà ni. Mo ní kí n lọ ra ohun mímu, ó ní rárá, òun ò ní pẹ́.

"Àǹtí, nǹkan kan ló gbé mi wá. Ẹ ní Bàbá máa ń pe orúkọ mi, tí mo bá ti lọ sọ́jà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?"

Mi ò ronú. Mo ní, "Káfílà. Wọ́n á ní, 'Káfílà, Káfílà.'"

Ó mi orí lọ́ra. Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Ará ìta ni Bàbá ń dárúkọ Káfílà fún," ó wí. "Nínú ilé, Àdùkẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, wọn ò pè mí ní Káfílà rí."

Ó dìde, ó tún ìborùn ẹ̀ wé, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ó jáde, ó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń ṣe nílé ẹni tí kò mọ̀ dáadáa.